Ìtẹ̀ka, ipasẹ̀, ìnkì, ẹ̀jẹ̀ àfarawé àbí DNA: èwo lẹ máa gbé wọ kíláàsì?

Tíṣà Biology kan ní apá Ìmọ̀tà ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ọ̀gá ilé ìwé àwọn ti gbà kí òun dá ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ti fẹnu kò pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ làwọn fẹ́ kọ́, irú èyí tí wọ́n ń wò nínú fíìmù: kí èèyàn wọ ibọ̀wọ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ara ife, kó sì sọ ẹni tó fi mumi. "Ẹ̀gbọ́n, owó tí wọ́n fún mi ò tó nǹkan. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ti bi mí rí. Ohun tí mo kọ sí i nìyí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ sí i ni.

Ìkòròdú ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Bí mo bá dárúkọ ọjà, iná tàbí òjò, ti ibí ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tó bá wà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, kó fi ojú ilẹ̀ tirẹ̀ wò ó. Iṣẹ́ márùn-ún ni mo fẹ́ gbé síra wọn. Gbogbo wọn ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ JSS 3 títí dé SS 2, mo sì ba méjì nínú wọn jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe iye tẹ́ ẹ máa ná lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Ṣé ohun tẹ́ ẹ rà máa kárí ọmọ 50? Bó bá tán, ṣé ẹ lè tún un rà ní Sábó láìwọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro Èkó? Àkókò tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú 40 ni píríọ́dù kan lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ á sì ti fi mẹ́wàá nínú rẹ̀ wọ́ àga. Iná náà ńkọ́? Iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ fíríìjì tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e. Ewu tún wà, ó sì wà níbi tí ọ̀pọ̀ tíṣà kì í fura sí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé ìwé á béèrè ibi tí iṣẹ́ náà ti wọ inú scheme of work; ẹ jẹ́ kí ìdáhùn ti wà lẹ́nu yín kó tó béèrè.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù: ṣé iṣẹ́ náà máa jẹ́ kí ọmọ rí i pé òun lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kò tí ì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo kọ́ wọn ní ìtẹ̀ka, owó tí wọ́n dá fún fọ́tò kíláàsì pòórá nínú dẹ́ẹ̀sìkì kaptẹ́ẹ̀nì. Kí n tó dé, wọ́n ti lọ èédú, wọ́n ti dà á sórí dẹ́ẹ̀sìkì, wọ́n ti rí ìtẹ̀ka mẹ́ta, wọ́n sì ti fi ọ̀kan wé káàdì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ ẹ̀kọ́. Ó bá ti ọmọkùnrin kan mu. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ náà ti dúró sójú bọ́ọ̀dù, ó ń sunkún, àwọn yòókù sì ń pariwo olè lé e lórí. Ìtẹ̀ka rẹ̀ ni lóòótọ́. Orí dẹ́ẹ̀sìkì yẹn ló máa ń jókòó lé nígbà ìsinmi, gbogbo kíláàsì ló mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rántí. Ọjọ́ kejì ni owó yọ jáde nínú ìwé Ìṣirò kaptẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn lójú gbogbo wọn, torí èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rí ìtẹ̀ka tí mi ò kọ́ wọn ohun tí ìtẹ̀ka kò lè sọ.

Ìkòròdú sì ni a wà. Ẹni tó bá gbé ibí ní 2016 àti 2017 mọ ohun tí ojú wa rí nígbà ẹgbẹ́ apààyàn Badoo, ó sì mọ̀ pé yàtọ̀ sí àwọn tí àwọn apààyàn yẹn pa, èrò ojú pópó náà pa àwọn tí wọ́n kàn fura sí. Àwọn ọmọ ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ìyá wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé òkú wá sí kíláàsì, ì báà jẹ́ ti eré. Ọ̀ràn tiwa kì í ju "ta ló jẹ ẹja díndín inú kúlà tíṣà" lọ. Ẹ̀rín á pa wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ sì le bákan náà.

Ìtẹ̀ka

Èyí ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n: ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ka fún BVN, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ka fún JAMB, òun náà ti tò lórí ìlà NIN. Ohun èlò rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ láti Sábó dé Kétu. Ẹ ní kí ọmọ fi pẹ́ńsù kun ojú ìwé kan títí tó fi dúdú tó ń dán, kó fi ìka ra á, kó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìka náà, kó rọra ṣí i, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé funfun. Ìlà inú ìka á jáde kedere ju ti ìnkì pádì lọ, kò sì ní ba aṣọ jẹ́.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n á rí. Loop lọ, ó sì ṣẹ́rí padà bí ìkọ́. Whorl yí ara rẹ̀ po bí ìkarahun ìgbín. Arch kàn gbé ẹ̀yìn sókè bí afárá, ó sì gba ọ̀nà kejì jáde. Nínú ìka 100, loop máa ń tó 60 sí 65, whorl á tó 30 sí 35, arch ò sì ju bíi 5 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Ọmọ 50, ìka 500: ẹ ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n ya àtẹ rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ti kíláàsì tiwọn bá iye yẹn mu. Tíṣà Ìṣirò á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìpele kejì ni lílọ èédú. Èédú lásán ni, èyí tí wọ́n fi ń sun bọ̀ọ̀lì, kí ẹ gún un kúnná, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí àwọn obìnrin fi ń pa páúdà ló dáa jù, ti ìkunlé le jù, ó máa ń ha ìtẹ̀ka dànù. Àṣírí kan tí mo mọ̀ lẹ́yìn tí mo ti ba kíláàsì kan jẹ́: kí ọmọ tó fọwọ́ kan ife, kó fi ìka pa iwájú orí rẹ̀ ná. Òróró ara ni èédú ń lẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Ara gíláàsì àti ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́. Lára pákó tí wọn ò fi fáníìṣì kùn, ẹ máa ṣe wàhálà lásán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹnu fẹ́ èédú náà, torí ikọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé ìyá àgbà òun tó ń yan ẹja ní Èbúté lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀, kò gba ìka mẹ́wàá rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé àjẹ́ ni ìyá náà. A gbé e yẹ̀ wò: iná, omi iyọ̀, ìrẹ́ ẹja, ogójì ọdún. Ìlà ìka máa ń jẹ. Bírígílà ń bá a pàdé, ẹni tó ń fi ọwọ́ bó ẹ̀gẹ́ náà ń bá a pàdé. Bí ọwọ́ bá sinmi fún ìgbà díẹ̀, awọ tuntun á tún gbé ìlà kan náà jáde.

Ẹ lo àwọn ìbejì pẹ̀lú. Kíláàsì wo ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní Táíwò àti Kẹ́hìndé? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbejì tiwa kì í ṣe ẹyin kan ló pín sí méjì, ẹyin méjì ni, nítorí náà wọn kì í jọra délẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí àwọn tó jọra bí ìmumu, ẹ fi ìka wọn wéra. DNA wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara, lè má yàtọ̀, ìtẹ̀ka wọn á yàtọ̀, torí inú oyún ni ìlà ìka ti ń gba àpẹẹrẹ rẹ̀, ibi tí ìka bá sì fara kàn níbẹ̀ wà nínú ohun tó ń darí rẹ̀.

Níbo ló ti kù káàtó? Níbi tí ọmọ ti ń rí loop lára ife, tó sì rí loop lórí káàdì, tó kígbe pé "òun ni!" Loop lásán kò mú ẹnikẹ́ni, torí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibi tí ìlà kan ti pín sí méjì, ibi tí òmíràn ti já, bí wọ́n ṣe jìnnà síra: ìyẹn ni wọ́n ń fi wé. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà ṣì ń ṣìnà. Ní 2004, lẹ́yìn bọ́ǹbù ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, FBI sọ pé ìtẹ̀ka tó wà lára àpò kan jẹ́ ti agbẹjọ́rò kan ní Oregon, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́pàá Spéènì ló wá sọ pé ti ẹlòmíràn ni. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún un. Mo máa ń sọ ìtàn yìí kí n tó pín sẹ́lótéèpù báyìí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Mo tún máa ń sọ ti Kòlkátà ní Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní 1897, kí ọlọ́pàá London tó dá tiwọn ní 1901. Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ọmọ Íńdíà méjèèjì, ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n fi ń to ìtẹ̀ka, orúkọ ọ̀gá wọn, Edward Henry, ni ayé sì fi ń pe ètò náà. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé ibẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù: ẹ kọ lẹ́tà sílé. Ìyá kan wá bá mi ní gééètì, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi ìka ọmọ mi ṣe?" Kò burú bó ṣe béèrè, pàápàá láyé tí wọ́n ń fi ìka gba owó ní báńkì. Káàdì kankan kì í sùn lọ́dọ̀ mi mọ́; ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé tirẹ̀ relé lọ́jọ́ náà.

Ipasẹ̀

Bẹ́ ẹ bá bi mí ní èyí tí mo fẹ́ràn jù, òun ni. POP (plaster of Paris), páúdà funfun tí àwọn oníṣílìn ń lò, ni wọ́n ń dà sínú ipasẹ̀. Ìkòròdú tí wọ́n ti ń kọ́lé lójoojúmọ́ kì í wọ́n ọn. Ẹ lè bẹ oníṣílìn kó ta díẹ̀ fún yín nínú àpò tó ti já. Ilẹ̀ pupa wa náà tún dáa fún un: lẹ́yìn òjò, bó bá ti gbẹ díẹ̀, ó ń gba ìlà bàtà bí ìgbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Yanrìn Májídùn kò rí bẹ́ẹ̀, ó ń ya ni. Ẹ wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ fi ohun tí wọ́n ń fín sí irun (hair spray) fín in.

Omi kọ́ọ̀bù 1, POP kọ́ọ̀bù 2. Ẹ da POP sínú omi, kì í ṣe omi sínú POP, kí ẹ fi igi rò ó títí tó fi dà bí ògì tó ki. Ẹ fi páálí sọgbà yí ipasẹ̀ náà ká, kí ẹ rọra dà á láti ẹ̀gbẹ́, kó gba orí ṣíbí ṣàn wọlé kó má baà ba ìlà jẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ẹ lè gbé e. Ẹ wá rí i pé píríọ́dù kan ò tó: ẹ dà á kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e lẹ́yìn ìsinmi, kí ẹnì kan sì dúró tì í kí àwọn JSS 1 má baà gbá bọ́ọ̀lù lù ú.

Ibí ni ewu tí mo sọ wà. Bí POP ṣe ń le ló ń gbóná, torí omi tó ń gbà ń sọ ọ́ padà di òkúta gypsum, iṣẹ́ yẹn sì ń tú ooru jáde. Pẹlẹbẹ tín-ínrín kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2007, ọmọbìnrin ọdún 16 kan ki ọwọ́ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì POP ní kíláàsì kó lè fi ṣe ère ọwọ́, ó le mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jó o débi pé ó pàdánù ọ̀pọ̀ nínú ìka rẹ̀. Òfin mi nìyí: ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, láéláé. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sínú gọ́tà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gọ́tà ilé ìwé dí fún ọ̀sẹ̀ kan, èmi àti gáádì la fi àdá gbẹ́ ẹ.

Ẹ wo ohun tó ń jáde níbẹ̀. Gígùn ẹsẹ̀ èèyàn máa ń tó bíi 15% gíga rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ lásán bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, ẹ pín in pẹ̀lú 0.15, ẹ ó rí 160. Àwọn ọmọ á ti máa wojú ara wọn kiri, ta ló ga tó 160 níbí? Wọ́n á wá wọn ara wọn, wọ́n á rí mẹ́sàn-án tó sún mọ́ ọn, wọ́n á sì rí ọ̀kan tí ìṣirò náà fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ṣì. Mi ò ní láti wàásù nípa ìfura lọ́jọ́ náà.

Bàtà tún ju ìyẹn lọ. Sáńdà ilé ìwé kan náà ni ìdajì kíláàsì wọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá kan náà ní ọjà ni wọ́n ti rà á. Ìlà abẹ́ bàtà kàn ń sọ irú bàtà tó jẹ́ ni. Ohun tó ń sọ ẹni tó ni ín ni ibi tó ti jẹ, ibi tí ìṣó ti gún un, ibi tí ṣúmékà ti ran án. Ọmọ kan wà tó ń tẹ ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òde, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ti jẹ tán. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú un láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n lè ṣàlàyé ìdí.

Ìnkì

Bí ọ̀gá ilé ìwé yín bá jẹ́ ẹni tí WAEC nìkan ń jẹ lọ́kàn, ẹ mú èyí. Chromatography, ìyẹn yíya àwọ̀ inú ìnkì sọ́tọ̀, wà nínú ẹ̀kọ́ Chemistry, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ ń fi àkókò ṣòfò.

Ìtàn ibẹ̀ rọrùn. Ẹnì kan kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ọmọ SS 1, kò kọ orúkọ. Mákà dúdú mẹ́ta ló wà nínú kíláàsì, èwo ni wọ́n fi kọ ọ́? Ẹ gé filter paper tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sókè láti ìsàlẹ̀, kí ẹ tọ́ mákà kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ sì ki ìsàlẹ̀ bọ omi. Omi á gun òkè, á máa gbé àwọ̀ lọ. Dúdú á fọ́ sí búlúù, pupa, yẹ́lò, kálukú níbi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Àìsí filter paper ò gbọ́dọ̀ dá yín dúró: ẹ fi mákà yí ṣọ́ọ̀kì funfun kan po lápá ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e nàró sínú omi díẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ju ti ìwé lọ.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Àṣìṣe méjì ló ń bà á jẹ́: kí omi ga ju ibi tí mákà wà lọ, kí ìnkì sì yọ́ sínú omi, tàbí kí ẹnì kan fi báírò fa ìlà dípò pẹ́ńsù. Ẹ sì yẹ mákà wò kí ẹ tó wọ kíláàsì, torí mákà àwọn ọmọdé tí wọ́n fi ń kun àwòrán ló ń yọ́ nínú omi. Báírò àti mákà tí kì í pa rẹ́ kò ní gbéra àfi pẹ̀lú spírítì, spírítì sì ń gbaná, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí àbẹ́là tàbí sítóòfù nítòsí.

Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Mikhail Tsvet, ló kọ́kọ́ fi irú ọ̀nà yìí ya àwọ̀ inú ewé sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. "Tsvet" sì rèé, àwọ̀ ló túmọ̀ sí ní èdè wọn. Orúkọ ọmọ ló ro ọmọ yẹn.

Ibi tó ti rẹ̀yìn sí ìtẹ̀ka àti ipasẹ̀: ó ń tètè dáhùn jù. Àwọ̀ bára mu, ó parí. Ẹ fi mákà kẹrin kún un tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, kí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí wọ́n lè rí i pé a mọ irú mákà, a ò tí ì mọ ọwọ́ tó dì í mú.

Ẹ̀jẹ̀ àfarawé

Mo ní àfarawé. Ẹ̀jẹ̀ gidi kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, ti èèyàn, ti adìyẹ, tàbí èyí tí ọmọ gún jáde lọ́mọ ìka. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti HIV kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi eré rà.

Sóbò ni mo ń lò, mo ń fi ògì díẹ̀ sí i kó lè ki. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, ìwé funfun lé e, kí ẹ kán an láti sẹ̀ǹtímítà 30, 60, 100, kí wọ́n wọn fífẹ̀ ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé náà dagun, kí ẹ tún kán an. Ẹ̀kán á gùn bí ẹyin. Bí ẹ bá fi gígùn rẹ̀ pín fífẹ̀ rẹ̀, sine igun tó fi balẹ̀ lẹ rí yẹn: mìlímítà 5 fẹ̀, mìlímítà 10 gùn, 0.5, ìyẹn 30 digírì. Ọmọ SS 2 tó ti ń béèrè ohun tí wọ́n ń fi sine ṣe láyé yìí, ó ti rí i.

Ó dùn ún ṣe, kò wọ́n, àmọ́ sóbò kì í kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àwọn òbí á sì wá. Ìdí mìíràn tí mi ò fi ń lò ó púpọ̀ ni pé àwọ̀ pupa nílẹ̀ máa ń mú ọkàn àwọn ọmọ kan lọ síbi tí mi ò fẹ́. Mo rí ọmọ kan tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò béèrè, mo kàn ní kó wá bá mi kọ iye tí wọ́n ń wọ̀n sójú bọ́ọ̀dù. Ẹ mọ kíláàsì yín kí ẹ tó mú un.

Ti ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ A, B, O tún wà: ẹ kán fínígà sínú mílíìkì nínú ife kan, omi lásán sínú ìkejì, àkọ́kọ́ á dì, ìkejì ò ní dì. Àfarawé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì mọ́ra ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, ẹ lè fi ibẹ̀ tún un ṣe fún àwọn tó ń pe AA àti AS ní ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, torí genotype nìyẹn.

DNA

Gbogbo ọmọ ló ń fẹ́ ẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n, iyọ̀, ọṣẹ ìfọwo olómi, asẹ́, àti spírítì tó tutù nini. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pò ó, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi spírítì rọra bò ó lórí. Okùn funfun bí òwú á gòkè wá. Ògógóró kò lágbára tó, kí ẹ má dán an wò, ẹ ó kàn fi kíláàsì rùn ni. Ìṣòro ni òtútù: ní ọjọ́ tí iná bá ti lọ, ọ̀dọ̀ ìyá oníyìnyín lẹ máa sá lọ, yìnyín á sì ti yọ́ kí ẹ tó padà dé.

Àtakò mi kì í ṣe ti owó. Kì í ṣe iṣẹ́ forensic, ìyẹn wíwá ẹ̀rí ọ̀ràn, lẹ ṣe yẹn. Ẹ rí DNA, òun àti àwọn nǹkan mìíràn tó bá a jáde nínú èso, àmọ́ ẹ ò fi wé ti ẹnikẹ́ni, ẹ ò mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹ̀bi. Ọmọ á relé lọ sọ pé òun ti ṣe àyẹ̀wò DNA. Èyí tó mú Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, di olókìkí ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1984 ni bí ó ṣe rí àpẹẹrẹ inú DNA tó ń ya èèyàn kan sọ́tọ̀ lára èkejì, ìyẹn ń fẹ́ ẹ̀rọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ fún un ní Erékùṣù Èkó ní 2017.

Bẹ́ ẹ bá máa ṣe é dandan, ẹ sọ ìtàn ẹjọ́ ìpànìyàn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Ọmọkùnrin ọdún 17 kan ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìpànìyàn fún ọlọ́pàá. DNA ló sọ pé kì í ṣe òun. Ọdún 1988 ni wọ́n tó rán ẹni tó ṣe é gan-an lẹ́wọ̀n.

Àpótí tí wọ́n ń tà àti ti kọ̀ǹpútà

Àwọn àpótí ohun èlò láti òkè òkun rẹwà. Ọmọ méjìlá ni wọ́n máa ń ṣe é fún, bó bá sì tán, ó tán. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà dáa fún ilé ìwé tó ní ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀. Mi ò mọ ju méjì lọ ní àyíká mi.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tíṣà tó ní owó díẹ̀, ọmọ tó pọ̀, àti píríọ́dù kan péré: ìtẹ̀ka onípẹ́ńsù. Kó fi èédú dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, kó sì kọ lẹ́tà sílé kó tó bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Chemistry tí ìdánwò ti sún mọ́: ìnkì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Tíṣà Ìṣirò tó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun fún ọjọ́ kan: ẹ̀kán sóbò, kí àwọn ọmọ wọ aṣọ eré ìdárayá wá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ àwọn òbí, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́, DNA ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò láfiwé, ẹ ra yìnyín láàárọ̀. Ẹni tó bá ní ọgbà tí wọn ò da kọnkéré sí, tó sì ní píríọ́dù méjì tó tẹ̀ léra, kó má wo ẹ̀yìn, ipasẹ̀ ni.

Ẹni tó ń kọ́ àwọn JSS 1, kó má tí ì fọwọ́ kan POP. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé owó ti ń sọnù nínú kíláàsì òun lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kó fi ìtẹ̀ka sílẹ̀ di sáà tó ń bọ̀.

Tíṣà Ìmọ̀tà yẹn mú ipasẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá: pẹlẹbẹ POP mẹ́fà lórí tábìlì, kò kọ orúkọ sí ìkankan. Ó ní mẹ́rin nínú rẹ̀ jọra, kí ni kí òun ṣe? Mo ní kó yí wọn sójú oòrùn, kó fi ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀ wò ó, kó bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀.